Ẹ̀rí Ìyá Ojúlọ́wọ́ ní Igbó Ọ̀nàpọ̀

Ẹ fún mi láyè kí n na ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń ká ẹsẹ̀ kò sọ. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nísinsìnyí. Tó bá jóná tán, kí ẹnikẹ́ni má wá pariwo lé mi lórí. Èmi Ọdẹ́lékè, ọkọ Àwẹ̀ró, èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ ọdẹ fúnra mi láìní ọ̀gá, tí mo ń ka ilẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ka ìwé, èmi tí ẹkùn rí lọ́sàn-án gangan tó yà sínú ẹ̀gún, tó ń ṣe bí ẹni pé nǹkan òun ló sọnù síbẹ̀! Kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà mí nínú igbó. Nínú ilé ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ìyàwó mi jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń gbọ́ mi.

Òun gan-an ló rán mi lọ. Ògúnwándé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ, wọ Igbó Ọ̀nàpọ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́fà kọjá, a kò gbúròó rẹ̀. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó gbé ìbọn mi sẹ́nu ọ̀nà, ó di àádùn sínú àpò mi, ó ní: “Bàbá Ọlábísí, ẹ mọ̀ pé n kì í pariwo. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Tí ẹ bá rí i, ẹ jọ máa bọ̀ o. Tí ẹ kò bá rí i…” Kò parí rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ní ìyàwó, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí obìnrin kò bá parí ló gùn jù. Mo gbé ìbọn, mo jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dé Igbó Ọ̀nàpọ̀ rí, ọ̀nà mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń mọ́ tónítóní bí ẹ̀yìnkùlé ìyàwó tuntun. Iwin kan ló ń gbá wọn. Firùngbọ̀ngbálẹ̀ lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, òun ló sì fi ń ṣe ìgbálẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò máa fi ẹ̀yìn rìn, yóò máa ju irùngbọ̀n sọ́tùn-ún, yóò máa jù ú sósì, kí ewé má baà bo ọ̀nà mọ́ àwọn ẹranko lójú. Mo ti rí i lókèèrè rí. Ó kí mi, mo kí i, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, nígbà tí mo dé ẹnu igbó, ewé gbígbẹ bò mí dé kókósẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń gbálẹ̀ kò bá gbálẹ̀ mọ́, bóyá ó ń ṣàìsàn ni, bóyá ohun tó ju àìsàn lọ ni.

Níbi tí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ti pàdé, mo bá ẹ̀dá kan tó dábùú ọ̀nà. Ó kúrú bí odó, orúnkún rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kó gbé ẹsẹ̀ sókè. Ó gbé e sókè, ó ní: “Ta ni ìwọ?”

Mo ní: “Èmi Ọdẹ́lékè, ọkọ Àwẹ̀ró, akọni tí ẹkùn rí tó…”

“Orúkọ ni mo bi ọ́, oríkì lò ń kà. Ṣé mo ní mo fẹ́ fẹ́ ọ ni?”

“Ìwọ tí ẹnu rẹ wà lórúnkún, tí o bá kúnlẹ̀ kí àgbà, ṣé iyẹ̀pẹ̀ kọ́ ni o máa jẹ?”

Ẹ̀dá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, nítorí ẹsẹ̀ kan ló fi dúró. Ó ní: “Ẹnu rẹ mú, ṣùgbọ́n ẹnu mímú kì í kọjá níbí. Já àlọ́ yìí: kí ló wúwo lọ́rùn ẹni tó rù ú, tó tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀ ọ́ tán, tí ọrùn rẹ̀ yóò fúyẹ́ bí ọrùn lékeléke?”

Mo ní ìdì igi ni. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìkòkò omi ni. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyàwó ni. (Àwẹ̀ró, má wò mí bẹ́ẹ̀, ara àlọ́ ni.) Ó ní: “Òpè! Ìtìjú ara ẹni ni. Sọ ọ̀kan kalẹ̀ kí o kọjá.”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ènìyàn. Mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo ní: “Mo ti sá fún ẹtu rí. Ó ta jáde nínú igbó, mo ṣe bí ẹkùn ni, mo gun igi. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń wò mí. Nígbà tí mo délé, mo ní erin ló lé mi.” Ẹ̀dá náà fi orúnkún hó yèè, ó yà kúrò lọ́nà. Bí mo ti ń kọjá, ó dá ẹ̀rín dúró, ó ní: “Yára, ọkọ Àwẹ̀ró. Wọ́n ti so àna rẹ mọ́ igi níwájú Ọba Gbòǹgbò. Wọ́n ní ó pa Firùngbọ̀ngbálẹ̀.”

N kò rántí bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan ilẹ̀. Mo dé ìdí àràbà ńlá kan, mo bá ọba àwọn iwin níbẹ̀. Gbòǹgbò ni apá rẹ̀, gbòǹgbò ni itan rẹ̀, o kò lè mọ ibi tí igi parí sí tí ọba ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn iwin tò yí i ká bí ìgbà tí ikán bá bo igi. Ògúnwándé wà láàárín wọn, ìtàkùn yí i láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo ké: “Ọmọ yìí, kí lo ṣe?” Kò dáhùn. Ó kàn ń wo ilẹ̀. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́, tí mo máa ń bẹ̀ pé kó jẹ́ kí ẹran sún mọ́ wa ná!

Ọba ní: “Ọdẹ, káàbọ̀. Òun náà kò sọ nǹkan kan fún wa láti ọjọ́ mẹ́ta. A bá a níbi òkú, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ láṣọ rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà. Òfin wa ni pé ará ilé ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ló ń yẹ ẹlẹ́rìí wò, nítorí kò sí ẹni tó lè wá irọ́ kiri bí ẹni tó nílò rẹ̀. Tí o bá fi hàn wá pé irọ́ ló ń pa, mú ọmọ rẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, orí ọmọ yìí di tiwa. Tí o bá fi ẹnu lásán pè é ní onírọ́, tí a sì rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, orí méjì la ó gbà. Kí òjìji àràbà yìí tó kan òkúta funfun yẹn, kí o ti sọ tìrẹ.”

Wọ́n mú ẹlẹ́rìí jáde. Opó olóògbé ni, Ìyá Ojúlọ́wọ́, arúgbó tín-ínrín kan. Iwájú orí rẹ̀ dán bí àwo, kò sí ojú kan níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni ojú rẹ̀ wà, ẹyọ kan, ó ń ṣẹ́jú. Ẹ gbà mí! Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí mo bá bi èyí ní ìbéèrè tó gbóná, yóò kàn di ọwọ́ ni, ojú parẹ́! Mo sọ fún ara mi pé: Ọdẹ́lékè, òní ni etí rẹ máa ṣiṣẹ́.

Màmá náà ní: “Mò ń se ọbẹ̀ níwájú ilé mi lórí òkè. Mo gbé ọwọ́ sókè kí n wo ibi tí ọkọ mi gbálẹ̀ dé. Mo rí i nílẹ̀. Ọmọ yìí fi ẹsẹ̀ tẹ àyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀kọ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ọkọ mi kò mira mọ́.”

Mo fi ẹ̀rín ṣe é. Mo ní: “Ìyá, ẹ mà mọ irọ́ ún hun o!”

Ó ní: “Ọmọkùnrin, bí mo bá mọ nǹkan kan ún hun, ǹ bá ti hun aṣọ fún ọ. Tìrẹ ti ya lẹ́yìn.”

Gbogbo iwin bú sẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Aṣọ ya lóòótọ́, ẹ̀gún ló fà á. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà yẹn ni mo ti fẹ́ràn màmá náà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà nira.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa fún yín. Ipa ẹsẹ̀ ẹran kì í gún. Ẹran yóò yà jẹ ewé, yóò dúró họra, yóò padà sẹ́yìn wo ohun tó dún. Ipa tí ènìyàn bá fi ọwọ́ tẹ̀ láti tan ọdẹ jẹ ló máa ń gún gbọọrọ. Irọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọdẹ tí ipa bá rú lójú yóò tọ̀ ọ́ padà láti ibi tó parí sí. Onírọ́ mọ ọ̀nà àlọ, kò mọ ọ̀nà àbọ̀. Nítorí náà mo ní: “Ìyá, ẹ sọ ọ́ láti ìdí wá sórí.”

Ó di ọwọ́, ó tún là á. Ó ní: “Mo ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, wo ìgbọ̀nwọ́ mi. Kí n tó ṣubú, mò ń sáré. Kí n tó sáré, mo fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Kí n tó fẹ́ pariwo, mo gbọ́ òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná, mo sì rò ó nínú mi pé ata mi ti ṣòfò. Ata ni mo ń rò, ọdẹ, ọkọ mi wà nílẹ̀! Kó tó dìgbà náà, ẹ̀jẹ̀ tú. Kí ẹ̀jẹ̀ tó tú, ọmọ yìí kúnlẹ̀ tì í, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Kó tó kúnlẹ̀, alángbá kan wà lórí òkúta mi tó ń mi orí. Kí n tó rí alángbá, láàárọ̀, èmi àti ọkọ mi ti jà. Mo ní irùngbọ̀n rẹ̀ ń rùn, kó lọ fọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn nìyẹn.”

Mo tún dẹ tàkúté kan fún un. Mo ní: “Ajá ọmọ yìí tó ń gbó nígbà náà ńkọ́?”

“Ajá wo? Àfi bí ìwọ ló wà níbẹ̀ tí ò ń gbó.”

Ẹ wò ó: onírọ́ ì bá ti gba ajá náà, ì bá sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi. Onírọ́ kò jẹ́ fi ọbẹ̀ jíjóná àti ìjà àárọ̀ ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́. Mo wo òjìji àràbà, ó kù bí ìbú ọwọ́ méjì kó kan òkúta. Ẹnu mi yìí, mo lè fi sọ ewúrẹ́ di àgùntàn lójú ẹni tó ni ín. Mo lè dúró níbẹ̀ kí n fi alángbá àti ata sọ opó yẹn di wèrè lójú gbogbo iwin. Mo rántí Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo màmá náà, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́.

Mo ní: “Kò purọ́.”

Ọba na apá gbòǹgbò sí ọrùn Ògúnwándé. Mo fò dìde: “Mo ní kò purọ́, n kò ní mo ti parí! Ìyá, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tú yẹn, ọwọ́ ọmọ yìí ń lọ sísàlẹ̀ ni, àbí ó ń lọ sókè?”

Ó di ọwọ́. Nígbà tó là á, omi ti wà nínú ojú náà. Ó ní: “Sókè ni.”

“Ẹ gbọ́! Ẹni tó ń gún nǹkan, ìsàlẹ̀ lọwọ́ rẹ̀ máa ń lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń fà á yọ ni. Ó bá bàbá yìí níbi tó ti ń kú lọ, àánú ṣe é, ó fà á. Lọ́dọ̀ àwa ọdẹ ìlú wa, ẹni tó bá fa ohun ìjà yọ lára òkú kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí olóhun ìjà yóò fi dé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi bá a níbẹ̀. Apànìyàn wo ló ń dúró de ẹni tó máa mú un?”

Àwọn iwin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọba ní: “Ta ló wá ni ọ̀kọ̀? Kí ló sì di ọmọ yìí lẹ́nu?”

“Ẹ gbé ọ̀kọ̀ náà wá kí n wò ó.”

Ìgbà náà ni Ògúnwándé la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò ó! Mo bẹ̀ yín, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ní ẹ kò bá mi!”

Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti gbé e sọ́wọ́ mi. Ọ̀kọ̀ tó wúwo ni, òkúta ṣì wà lára rẹ̀, èyí tí a máa ń so mọ́ ọn tí a bá fẹ́ gbé e kọ́ sórí igi dẹ ẹfọ̀n. Okùn rẹ̀ ni a ó nà dábùú ọ̀nà, kí ẹran fẹsẹ̀ kọ́ ọ, kí ọ̀kọ̀ sì já lù ú. Lára ọ̀pá rẹ̀ ni mo rí ilà mẹ́rin àti ihò kan. Àmì mi ni. Ọwọ́ mi ló gbẹ́ ẹ. Firùngbọ̀ngbálẹ̀ fi ẹ̀yìn gbálẹ̀ dé ibẹ̀, ó fẹsẹ̀ kọ́ okùn mi. Ògúnwándé rí àmì náà, ó sì pinnu pé kàkà kí wọ́n wá mi wá, òun yóò kú síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọmọ tí mo máa ń pè ní aláròyé!

Mo ní: “Èmi ni mo ni ín. Èmi ni mo pa á.”

Ṣé ẹ rò pé wọ́n gbà á gbọ́? Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín! Iwin kan ní: “Ó ń purọ́ nítorí àna rẹ̀! Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀!” Èmi tí mo ń yẹ ẹlẹ́rìí wò, mo di ẹlẹ́rìí tí à ń yẹ̀ wò. Ìyá Ojúlọ́wọ́ ní: “Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi.” Ó rìn wá, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ imú mi, títí mo fi rí ara mi kékeré nínú ojú rẹ̀. Ó ní: “Sọ tìrẹ náà. Láti ìdí.”

Mo ní: “Mo rí ọ̀kọ̀ mi lónìí. Kó tó di òní, ọdún mẹ́ta ni n kò fi dé ọ̀nà ibẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, mo ru ẹfọ̀n wọ ìlú, wọ́n ń kọrin fún mi. Kí n tó rù ú, mo ti fi ìbọn pa á létí odò, kò tiẹ̀ dé ibi ọ̀kọ̀. Inú mi dùn, mo gbàgbé láti tú okùn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo…”

“Dúró. O fo ibì kan. Ohùn rẹ kọsẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yẹn.”

Mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, mo ti bá ẹkùn pàdé, kò sí èyí tó já mi láyà bí ẹyọ ojú yẹn. Mo ní: “Ìyá, n kò gbàgbé. Ní ọjọ́ kẹta tí mo délé, mo rántí. Mò ń jẹ ẹran ẹfọ̀n náà lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń yìn mí, ó dùn mọ́ mi, ọ̀nà sì jìn. Mo sọ fún ara mi pé òjò yóò jẹ okùn náà. Mo tún ẹran mú.”

Ó mú ọwọ́ kúrò níwájú mi. Ó yíjú sí ọba, ó ní: “Ẹlẹ́rìí yìí kò purọ́. Ẹni tó ń purọ́ nítorí àna rẹ̀ kò ní rántí ọjọ́ kẹta.”

Ọba ní: “Orí rẹ̀ tọ́ sí ọ nígbà náà.”

Màmá náà pòṣé. “Kí ni kí n fi orí ṣe? Ṣé orí ń gbálẹ̀ ni? Ọ̀nà mẹ́rìndínlógún kún fún ewé, àgbọ̀nrín ń ṣìnà. Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Kí eléyìí kọ́kọ́ lọ tú gbogbo tàkúté tó bá ní nínú igbó yìí, kó wá gba ìgbálẹ̀. Ọdún kan gbáko. Tó bá ṣe ìmẹ́lẹ́, n ó béèrè orí náà padà.”

Bí mo ṣe di agbálẹ̀ nìyẹn, èmi Ọdẹ́lékè. Wọ́n tú Ògúnwándé sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo gbá a létí, mo sì dì mọ́ ọn, n kò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Mo ní tó bá tún fẹ́ kú nítorí mi, kó kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó lọ sílé, ní ọjọ́ kẹrin ó padà dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ méjì. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, Àǹtí ní ọ̀kan tiyín, ọ̀kan tèmi. Wọ́n ní wọ́n kí yín. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá tàwọn iwin bí ẹ ṣe máa ń gbá ilé wa.” A jọ gbá a ni, èmi ọ̀nà mẹ́jọ, òun ọ̀nà mẹ́jọ, ó ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí ó fi rẹ̀ mí, n kò sì ní kó dákẹ́ mọ́.

Ìyá Ojúlọ́wọ́ máa ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, yóò na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, yóò máa yẹ ọ̀nà wò. Gbogbo bí mo ṣe ń dá egbò sí ìka, kò yìn mí lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún fẹ́ pé, mo gbá ọ̀nà kan tó dán bí àwo, mo dúró, mo ń fẹ àyà. Ó na ọwọ́ jáde. Ó ní: “Ewé kan rèé.”

Mo ní: “Ìyá, ìsinsìnyí ló já. Mo gbá ibẹ̀.”

Ó gbé ojú sún mọ́ mi bí ọjọ́ ẹjọ́ yẹn, ó wò mí títí. “Òótọ́ ni,” ni ó wí. “Bẹ́ẹ̀ náà ni òun máa ń wí fún mi, lójoojúmọ́. N kò gbà á gbọ́ rí.”

Omi ṣàn láti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Èmi ẹlẹ́nu mímú bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú ewé náà nílẹ̀, mo sì gbá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.